Àwọn Oníṣòwò Wa ní Ilẹ̀ Kòkó Kumasi

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí kòkó ti ṣe sọ ilẹ̀ Asante di ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, kí ó má ṣe wo oko nìkan. Kí ó wo igbá àwọn oníṣòwò pẹ̀lú.

Ní ọdún 1903 ni ọ̀nà ojú irin láti Sekondi dé Kumasi. Nígbà tí ó fi di 1911, kò sí ilẹ̀ mìíràn ní ayé tí ń kó kòkó ránṣẹ́ sí òkè òkun tó Gold Coast. Owó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ọjà ni ó ń wá. Àwọn ènìyàn wa gbọ́ èyí ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìnísà, Ṣakí àti Ìlọrin, wọ́n sì di ẹrù wọn. Wọ́n pàtẹ ní Kumasi. Wọ́n sì ń ru aṣọ, abẹ́rẹ́, ìṣáná àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ sí àwọn abúlé oko. Nítorí pé ìgbà ìkórè ni owó ń wọlé fún àgbẹ̀, àwìn ni a fi ń bá a tajà. Títí di òní, 'alata samina' ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú níbẹ̀: Alata ni orúkọ tí wọ́n fún àwọn tí ó ti ìhà ọ̀dọ̀ wa wá.

Ṣílè kan náà ni a ń ná ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Kumasi nígbà náà. Kì í ṣe inú rere ìjọba amúnisìn ni. Èrè tirẹ̀ ni ó ń wá. Gánà gba òmìnira ní 1957, ó sì ṣe owó tirẹ̀ ní 1958. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 1959. Ó tọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi ìyá aláṣọ tí a bí sí Kumasi léèrè pé, ọmọ ibo ni òun yóò jẹ́?

Ìdáhùn dé ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàárín ọjọ́ 14. Ta ni ó lè yí gbogbo abúlé ká láti gba gbèsè rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14?

Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gánà jáde; ọjọ́ 14 náà ni a fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ní 1979 ni àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí àdéhùn pé kí ọmọ ilẹ̀ wọn máa rìn fàlàlà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún méjèèjì pọ̀. Ọmọ tí ó mọ 1969 tí kò mọ 1983 yóò máa rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni ó ń lé àlejò.