Àwọn Ìwé Ẹ̀sìn Júù Àtijọ́ àti Àwọn Tó Ti Ni Wọ́n Rí

Nínú òwò ìwé ẹ̀sìn Júù àtijọ́, kì í ṣe ọjọ́ orí ìwé àti bí ó ti ṣọ̀wọ́n tó nìkan ni ó ń sọ iye tí wọn yóò tà á, nítorí àwọn tó ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ a máa yẹ àwọn ojú ewé òfìfo iwájú àti ẹ̀yìn wò dáadáa, níbi tí àwọn tó ti ni ìwé náà rí kọ orúkọ wọn sí. Kí ẹni tó ni ìwé tó kọ orúkọ tirẹ̀, ó wọ́pọ̀ kí ó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà mélòó kan tó dúró fún ẹsẹ kìíní Sáàmù kẹrìnlélógún, tó jẹ́wọ́ pé Ọlọ́run ló ni ayé, kí ó tó wá sọ pé ọwọ́ òun ni ìwé náà wà.

Bíbélì èdè Hébérù tí wọ́n ń pè ní Codex Sassoon, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sórí awọ ẹran ní nǹkan bí ọdún 900, fi bí irú àkọsílẹ̀ yìí ti níyelórí tó hàn. Inú rẹ̀ ni a ti kà pé Khalaf ọmọ Abraham tà á fún Isaac ọmọ Ezekiel al-Attar, tí Isaac sì fi lé àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ó di ti sínágọ́gù, ìyẹn ilé ìjọsìn àwọn Júù, ní ìlú Makisin ní Síríà, nígbà tí ìlú náà sì pa run, wọ́n fi í pamọ́ sọ́wọ́ Salama ọmọ Abi al-Fakhr títí wọn yóò fi tún sínágọ́gù náà kọ́. Wọn kò tún un kọ́ mọ́. David Solomon Sassoon, olùkójọ ìwé tí orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí, rà á ní 350 pọ́n-ùn lọ́dún 1929, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 38.1 dọ́là ni wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, kí ó lè wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ANU ní Tel Aviv.

Ìtàn Tálímúdì, àkójọpọ̀ òfin àti àríyànjiyàn àwọn rábì tí í ṣe olùkọ́ òfin, tún gba àròjinlẹ̀ ju èyí lọ. Daniel Bomberg, Kìrìsìtẹ́nì ọmọ ìlú Antwerp, ni ó kọ́kọ́ tẹ odindi rẹ̀ jáde ní Venice láàárín ọdún 1519 sí 1523, ṣùgbọ́n lọ́dún 1553 ni ìjọ Kátólíìkì pàṣẹ kí wọ́n dáná sun Tálímúdì ní Róòmù àti Venice, ìdí nìyí tí odindi ẹ̀dà ti Bomberg fi ṣọ̀wọ́n. Ọ̀kan wà ní Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù, Jack Lunzer, oníṣòwò dáyámọ́ǹdì, sì rí i níbi àfihàn kan lọ́dún 1956. Kò rí i gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfìgbà tí ó ra ẹ̀dà àtijọ́ ti ìwé àṣẹ tí wọ́n fi dá Abbey náà sílẹ̀, tí ó sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú wọn lọ́dún 1980. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ yẹ fún ìyìn. Lọ́dún 2015, wọ́n ta Tálímúdì náà ní mílíọ̀nù 9.3 dọ́là. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ọba Henry Kẹjọ ló ra ẹ̀dà náà nígbà tí ó fẹ́ kọ ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n Richard Bruarne, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Hébérù ní Oxford, ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ni ín. Orúkọ ńlá kì í sì í dúró láìsí ẹ̀rí.

Ohun tó tún ju orúkọ lọ ni àlàyé tí onímọ̀ kọ sí etí ìwé. Rábì Akiva Eger (1761–1837) kọ irú rẹ̀ sára Tálímúdì tirẹ̀, ó sì di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ mọ́ Tálímúdì títí di òní.

Ogun Àgbáyé Kejì dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀, nítorí àwọn Násì kó ìwé àwọn Júù lọ rẹpẹtẹ. Lọ́dún 1946, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó àwọn tó kù jọ sí ìlú Offenbach ní Jámánì, wọ́n ń fi òǹtẹ̀ àti orúkọ inú wọn wá àwọn tó ni wọ́n, èyí tí wọn kò sì rí ẹni tó ni ín mọ́ ni wọ́n pín fún àwọn ilé ìkówèésí ní Ísírẹ́lì, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn. Nítorí náà, bí olùkójọ tó mọṣẹ́ bá rí ojú ewé tí wọ́n ti fi abẹ gé òǹtẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó yẹ kí ó fi owó rẹ̀ sápò títí olùtà yóò fi sọ ibi tí ó ti rí ìwé náà.