Èéfín Kọ́: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Àléébù Ẹ̀rọ Amúlé-Móoru

Ààrò kì í fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Ní Èrìò-Èkìtì, láàárín àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ẹni tó ti ń yáná nídìí ààrò láti kékeré mọ ohun tó ń ṣe iná. Bí èéfín bá pọ̀ jù, igi kò tíì gbẹ. Bí iná bá ń kú lọ, eérú ti dí ọ̀nà atẹ́gùn. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà nídìí òwe tó ní èéfín ni ìwà: bó ti wù kó pẹ́ tó, yóò rú síta.

Ọ̀rọ̀ ìdí ààrò wúlò títí dé inú ilé àtijọ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀, ẹ̀rọ a máa fi gáàsì gbé omi kaná, ọ̀pá a sì máa gbé omi náà lọ sínú irin gbígbóná tó wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí òkè irin bá tutù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbóná, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ ló bá tutù, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìpáàrà ló kó jọ síbẹ̀. Bí omi inú ẹ̀rọ bá ń dínkù lemọ́lemọ́, ó ń jò níbì kan. Há, dí, jò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀: kò sí èyí tó jẹ́ àyálò nínú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ààrò ti ń tan ènìyàn jẹ ni ti afẹ́fẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáídì. Bí ọ́síjìn kò bá tó iná, ìbáà ṣe ti gáàsì, ti èédú tàbí ti jẹnẹrétọ̀, afẹ́fẹ́ yìí a jáde. Ó ń lẹ̀ mọ́ ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, tó sì máa ń rọlẹ̀ bí ènìyàn bá jáde síta. Lára ẹ̀rọ gáàsì, ọwọ́ iná tó yẹ kó ní àwọ̀ aró lè pọ́n bí ìyeyè.

“Èéfín olóró” ni àwọn kan ń pè é. Ìtumọ̀ náà rọrùn, ṣùgbọ́n ó léwu. Èéfín ṣeé rí, ó ń ta ojú, ó sì ní òórùn. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ìyá tó dúró títí èéfín fi tán lórí èédú, tó wá gbé e wọ yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ọyẹ́, ohun tí ọ̀rọ̀ kọ́ ọ ló ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni èédú tó pọ́n yòò láìrú èéfín lè máa tú májèlé náà jáde.

“Afẹ́fẹ́ májèlé” sàn jù, nítorí kò sí ẹni tó ń retí láti fi ojú rí afẹ́fẹ́. Olùkọ́ lè fi orúkọ àyálò náà tẹ̀ lé e nígbà tó bá kan ìdánwò.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2022, òfin ti mú un ní dandan kí onílé tó ń gba owó ilé fi ẹ̀rọ akéde afẹ́fẹ́ yìí sí yàrá tí ẹ̀rọ gáàsì amúlé-móoru bá wà. Ní ilé tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sí, ní Èrìò tàbí níbòmíràn, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ fi kọ́ ọmọ ni agogo ìkìlọ̀ tó wà níbẹ̀.