Ìrẹsì Ilẹ̀ Wa àti Òkúta Inú Rẹ̀

Ẹ̀sùn kan wà tí ó ń jáde lẹ́nu àwọn tí ń gbin ìrẹsì ní gbogbo ibi tí a bá dé: wọ́n ní àwọn ènìyàn wa kò fẹ́ jẹ ohun tí ilẹ̀ wọn hù, wọ́n ní ìrẹsì tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé láti ilẹ̀ Thailand tàbí Íńdíà ni wọ́n ń sáré rà, nígbà tí àpò ìrẹsì àgbẹ̀ ń jókòó sínú àká. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ òdodo fún ara wa, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ àwa tí a ń gbìn ín, tí a ń kórè rẹ̀, tí a sì ń bọ̀ ọ́. Òun gan-an ni a ó yẹ̀ wò níbí.

Ìrẹsì kì í ṣe àlejò ní apá Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà. Irú kan wà tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà pátápátá, tí àwọn ará òkè odò Ọya ti ń gbìn tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ àwọn òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Láàrin àwa Yorùbá, ìlú bí Ọ̀fàdà ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ìgbẹmọ ní ìpínlẹ̀ Èkìtì ti fi ìrẹsì gba orúkọ tí ó kọjá ààlà agbègbè wọn. Síbẹ̀, oúnjẹ ọdún ni ìrẹsì jẹ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé nígbà kan rí. Ẹlòmíràn kì í fojú kàn án àfi ní ọjọ́ Kérésìmesì tàbí ọjọ́ Iléyá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ láàrin ọdún 1970 sí 1980 ni ìrẹsì tí a ti bọ̀, tí a sì ti fi ẹ̀rọ bó títí ó fi mọ́ tónítóní, bẹ̀rẹ̀ sí wọlé lọ́pọ̀ yanturu láti òkè òkun, tí ó sì di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ọmọ tí a bí sí àárín ìlú ní àkókò náà, ìrẹsì òkèèrè ni ahọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀.

Ìjọba kò kàn káwọ́ gbera. Ní ọdún 1985 ni a fi òfin de kíkó ìrẹsì wọlé. Ní ọdún 1995 a tú òfin náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 a ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 a tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Ní oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí oúnjẹ ti wọ́n kọjá agbára ará ìlú, ìjọba àpapọ̀ kéde 150 ọjọ́ tí a ó fi gba àwọn oúnjẹ kan wọlé láìgba owó ibodè lórí wọn, ìrẹsì tí a ti bó èèpo rẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò tíì fọ̀ funfun sì wà lára wọn. A kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí ebi ará ìlú kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ohun tí a ń sọ ni pé àgbẹ̀ tí ó bá gbójú lé ẹnubodè títì nìkan, ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ó gbójú lé. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni bí ìrẹsì rẹ̀ yóò ti rí nínú abọ́.

Ẹ bi ìyá olóúnjẹ léèrè ìdí tí kò fi ra ìrẹsì ilẹ̀ wa. Kò ní sọ ọ̀rọ̀ gígùn. Yóò ní ó ní òkúta, yóò ní ó ń rùn, yóò sì ní bí òun bá sè é, apá kan a ti rọ̀ jù nígbà tí apá kejì ṣì le. Òun tí ó ń bu oúnjẹ fún ogún ènìyàn ní òwúrọ̀ kò ní àsìkò àtimáa ṣa òkúta. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò gbé ìrẹsì olókùúta síwájú àna rẹ̀. Bí a bá ń bẹ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé kí ó rà á nítorí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè, ó lè rà á lẹ́ẹ̀kan; kò ní padà wá.

Òkúta kì í so lórí ìrẹsì. Ọwọ́ wa ni a fi ń kó o sí i. Nígbà tí a bá ti fi dòjé gé ìrẹsì tán, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa kó o jọ sórí ilẹ̀ lásán, a ó sì máa fi igi lù ú níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀gẹ̀ṣẹ́ tí igi bá lu ilẹ̀ ni iyanrìn ń fò wọ inú rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá hóró ìrẹsì dọ́gba, bí a fẹ́ ẹ ní ìgbà mẹ́wàá, kò ní bá afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà, kí ó má ṣe wọ inú rẹ̀ rárá ni ó dára jù. Kí a tẹ́ tapólì tí ó fẹ̀ dáadáa, kí a gbé àgbá òfìfo lé àárín rẹ̀, kí a sì máa na ìdì ìrẹsì mọ́ ara àgbá náà kí hóró máa já bọ́ sórí tapólì. Iṣẹ́ náà kò le ju ti àtijọ́ lọ. Lẹ́yìn èyí ni sísá. Àṣà tí ó burú jù, tí a kò sì ní yé pariwo rẹ̀, ni kí a máa sá ìrẹsì sí ẹ̀bá títì ọlọ́dà nítorí pé ibẹ̀ gbóná, tí ó sì tẹ́jú. Mọ́tò ń tẹ̀ ẹ́, ewúrẹ́ ń gbà á kọjá, epo ẹ̀rọ ń kán sí i, a ó sì fi ìgbálẹ̀ gbá gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ kò ṣẹ̀ wá. Bí owó tapólì bá pọ̀ jù fún ẹnì kan, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé lè rà á, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa lò ó ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Ibi tí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n rẹ́ ilẹ̀ kan ní sìmẹ́ńtì, kí wọ́n sì ṣe ọgbà yí i ká nítorí adìẹ.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì rírún tún wà, orí oko ni èyí sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì tó gé nígbà tí nǹkan bí hóró mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lórí ṣírí rẹ̀ bá ti pọ́n bí koríko gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ a máa fi í sílẹ̀ síwájú sí i kí ó lè gbẹ ní ìdúró, kí iṣẹ́ sísá lè dín kù. Ṣùgbọ́n ìrì a máa rẹ ẹ́ ní òru, oòrùn a sì máa yan án ní ọ̀sán. Wíwú àti súnkì yìí ni ó ń mú kí inú hóró sán, láìjẹ́ pé èèpo rẹ̀ fi ohunkóhun hàn. Ọjọ́ tí ó bá dé ẹnu ẹ̀rọ ni a ó tó mọ̀. Ẹyẹ ẹ̀gà àti òyà kò sì ní dúró dè wá ní gbogbo àkókò náà.

Wàyí o, bíbọ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ìrẹsì ti ń bàjẹ́; ibẹ̀ náà ni a sì ti lè sọ ọ́ di ohun tí yóò bá ti òkèèrè dọ́gba. Òórùn tí oníbàárà ń sá fún ń wá láti inú omi tútù tí a fi ìrẹsì eléèpo sí fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí omi náà yóò fi kan. Omi gbígbóná a máa wọ inú hóró kíákíá, kò sì ní rí àyè kan. Bí a ti ń ṣe é nìyí. Kí a kọ́kọ́ da ìrẹsì sínú omi, kí a sì bu gbogbo hóró òfìfo àti pàǹtí tí ó bá léfòó dànù. Òkúta yóò rì sí ìsàlẹ̀, kí a má ṣe da ìsàlẹ̀ náà mọ́ èyí tí a ń kó. Kí a gbé omi kaná nínú àgbá tàbí ìkòkò ńlá títí ọwọ́ kò fi ní lè gbà á, ṣùgbọ́n tí kò tíì hó. Kí a da ìrẹsì tí a ti fọ̀ sí i, kí a yọ iná, kí a bò ó, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà náà ni a ó jo omi rẹ̀ nù, tí a ó sì fi ooru sè é: omi díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àgbá, páànù tí a dá lu wẹ́wẹ́ lórí omi náà, ìrẹsì lórí páànù, àpò tí ó mọ́ ní ìbòrí. Ìrẹsì kò gbọdọ̀ kan omi. Bí a bá rí i pé èèpo rẹ̀ ti ń là ní ẹnu, ó tó. Iṣẹ́ nǹkan bí ìdajì wákàtí ni. Ẹni tí ó bá sè é kọjá bẹ́ẹ̀ yóò rí ìrẹsì tí ó dúdú, tí ó sì tú sílẹ̀.

Kí a sá a sórí tapólì ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, kí a máa yí i léraléra. Nígbà tí omi ojú rẹ̀ bá ti gbẹ, kí a fà á sí abẹ́ ìbòòji kí ìyókù gbẹ ní pẹ̀lẹ́, nítorí oòrùn ọ̀sángangan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tún ń mú kí ó sán. Ìwọ̀n omi tí ó yẹ kí ó kù nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 14 nínú 100 lọ. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n lè fi eyín dán an wò: bí ó bá dún kọ́ tí ó sì já sí méjì, ó ti gbẹ; bí ó bá tẹ̀ lábẹ́ eyín, ó ṣì kù. Kí ó sinmi fún bí ọjọ́ kan kí a tó gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ.

A gbọ́dọ̀ ya ìrẹsì Ọ̀fàdà sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ òórùn yìí. Àwọn tí ń rà á, tí wọ́n ń fi ewé eéran bù ú, tí wọ́n sì ń fi ọbẹ̀ ata oníirú jẹ ẹ́, òórùn náà wà lára ohun tí wọ́n ń wá. Bí a bá gbà á lọ́wọ́ wọn, a ti ba ọjà ara wa jẹ́. Òkúta rẹ̀ ni kí a mú kúrò, kí a sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó má baà rà. Àwọn alágbàtà kan wà tí ń da ìrẹsì mìíràn mọ́ Ọ̀fàdà kí wọ́n lè tà á ní owó Ọ̀fàdà. Ẹni tí ó bá ń ṣe èyí ń jẹ orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn fi ọdún pípẹ́ kọ́.

Ìdàlúmọ̀ irúgbìn kò jìnnà sí èyí. Bí hóró gígùn àti hóró kúkúrú bá wà nínú àpò kan náà, ẹ̀rọ tí a tò fún ọ̀kan yóò run èkejì tàbí kí ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń rọ̀ tí àwọn kan sì ń le nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Fún àkùrọ̀, irúgbìn FARO 44, tí hóró rẹ̀ gùn tí kì í sì í pẹ́ púpọ̀ kó tó gbó, ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fẹ́ràn. Irú èyíkéyìí tí a bá yàn, kí ó jẹ́ ọ̀kan. Ilé ẹ̀rọ ńlá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí sí Ìmọ́tà ní ọdún 2023 ni a kọ́ láti lè bó tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè fi ìrẹsì àdàlú ṣe ohun tí ó dára.

Ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹ́kù sí abúlé nígbà tí a bá jẹ ìrẹsì tiwa. Nínú 100 kílò ìrẹsì eléèpo tí a tọ́jú dáadáa, 60 sí 65 kílò ni yóò jáde ní jíjẹ. Nǹkan bí 20 kílò èèpo ni a ó rí, iná tí a ó fi bọ òmíràn nìyẹn. Èérí rẹ̀ yóò tó nǹkan bí 10 kílò, oúnjẹ adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí a lò ó ní tútù nítorí kì í pẹ́ kó tó kan. Owó ẹni tí ó gé e, ẹni tí ó bọ̀ ọ́, ẹni tí ó bó o àti ẹni tí ó rù ú dé ọjà kò kúrò láàrin wa. Bí a bá ra ti òkèèrè, èèpo àti èérí náà àti gbogbo owó iṣẹ́ wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbìn ín ni wọ́n wà. Ní ti ìlera, awọ tín-ín-rín tí ẹ̀rọ ń bó kúrò lára ìrẹsì funfun ni ọ̀pọ̀ nínú fítámì B1 wà. Omi gbígbóná tí a fi bọ̀ ọ́ a máa gbé apá kan rẹ̀ wọ inú hóró kí ẹ̀rọ tó dé ibẹ̀. Ìrẹsì Ọ̀fàdà tí a kò bó tán sì tún ń fi awọ náà sílẹ̀ fún ẹni tí ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò dùn-ún sọ. Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ń ta ìrẹsì tiwọn ní ọjọ́ ọjà, tí wọ́n sì ń ra àpò ìrẹsì òkèèrè padà wálé fún ìsọmọlórúkọ. Àlejò tí ó bá rí i, kí ni yóò rò nípa ìrẹsì tí onílé fúnra rẹ̀ kò lè fi ṣe ìnáwó? Ibi ìnáwó náà gan-an ni ó yẹ kí a ti polówó rẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìyá olóúnjẹ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí ń bọ́ ọmọ máa ra ìrẹsì rẹ̀, kí ó má ṣe gbé àpò lọ lásán. Kí ó se díẹ̀, kí ó gbé e lọ ní sísè, kí wọ́n tọ́ ọ wò. Kí ó tà á fún wọn pẹ̀lú kóńgò tí ó péye, kí èyí tí ó kó wá ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e sì rí bákan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́.

Ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ tí a bá gbìn ní oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà, a ó máa mú dòjé tọ̀ ọ́ ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ra tapólì, kí wọ́n ti fọ àgbá wọn mọ́, kí wọ́n sì ti fi orí kò pẹ̀lú oníẹ̀rọ kí oṣù kẹsàn-án tó parí.