Pendjari ti di ibi ẹ̀rù, igbó kékeré ṣì wà ní Pobẹ̀

Láti Sakété dé Pobẹ̀, nǹkan bí 30 kìlómítà ni. Mo yá alùpùpù ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ Sátidé, mo ra kpayo lítà méjì lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì forí lé igbó tó wà ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ. Ẹ mọ ibùdó náà. Láti ọdún 1922 ló ti wà, ibẹ̀ sì làwọn àgbẹ̀ wa ti ń ra irúgbìn ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti wọ igbó yẹn rí, tí kì í ṣe torí igi ìdáná?

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ wo ẹranko, Pendjari ló máa ń dárúkọ. Òkè àríwá pátápátá ni, lápá Tanguiéta. Kìnnìún wà níbẹ̀, erin wà, ẹfọ̀n àti erinmi náà wà. Láyé ìrọ̀rùn, ẹni tó ní mọ́tò tó lágbára lè wa á wọlé, kó dúró létí omi, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó máa wò.

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2019 ni nǹkan yí padà. Àwọn agbébọn jí ọmọ Faransé méjì tó wá ṣe ìbẹ̀wò gbé, wọ́n sì pa Fiacre Gbédji, ọmọ Benin tó ń fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn sójà Faransé gba àwọn tí wọ́n jí gbé sílẹ̀ ní Burkina Faso, méjì nínú àwọn sójà náà sì kú. Wàhálà ò tíì tán lápá ibẹ̀: ní 17 oṣù kẹrin 2025, sójà wa 54 ni wọ́n pa lápá ọgbà W. Ní tèmi o, n ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ síbẹ̀ báyìí.

Igbó Pobẹ̀ ò ní kìnnìún. Mo gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé alùpùpù síbẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn. Bí mo ṣe wọ abẹ́ igi báyìí ni ooru dínkù. Mo jókòó fún bíi wákàtí kan. Ẹyẹ ni mo gbọ́ jù. Nǹkan kan fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka lókè. Ọ̀bọ ni tàbí ọ̀kẹ́rẹ́, n ò lè búra.

Láàárín Gánà àti Nàìjíríà, igbó kìjikìji já sí méjì, ọ̀dàn ló gba àárín títí dé etí òkun. Àwọn igbó bíi ti Pobẹ̀ yìí ni àjókù tó ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ láàárọ̀, ẹ má mú ajá dání, ẹ má tan rédíò.

Nígbà tí mo ń padà, wọ́n ń ta ọ̀yà yíyan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó wù mí, n ò ní parọ́. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti pa á. Ìyá tó ń tà á rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé owó ni mo mú wá ni, àbí ìbéèrè.