Ojú ló gbà dé inú
Bí ọmọ yín bá ń ka ìwé ìtàn aláwòrán DC, ẹ bi í nípa ọ̀daràn tó ń jẹ́ Psycho-Pirate. Gardner Fox àti Murphy Anderson gbé Roger Hayden yìí jáde ní 1965. Kò gbé ìbọn. Ìbòjú wúrà Medusa ló fi ń jà. Bó bá fajú ro, inú ẹni tó ń wò ó á bàjẹ́; bí ẹ̀rù bá hàn lójú rẹ̀, jìnnìjìnnì á bo onítọ̀hún. Àwa tí à ń pe ayọ̀ ní inú dídùn gbádùn èyí: ojú ló gbà dé inú. (Ọmọ tó ṣubú náà kọ́kọ́ ń wojú ìyá rẹ̀ kó tó sunkún.) Nínú Crisis on Infinite Earths, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, fífi inú ẹlòmíràn ṣeré di bárakú fún Hayden. Arkham, ilé àwọn alárùn ọpọlọ, ni ìtàn fi í sí, wọ́n so ó lọ́wọ́, ó ń dá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ayé tó ti parẹ́.