Bacillus: Ìdílé Tí Ọmọ Rẹ̀ Ń Yí Orúkọ

Ferdinand Cohn, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Breslau, ni ó dá ìdílé kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní Bacillus sílẹ̀ ní ọdún 1872. Láti 1835 ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Ehrenberg, ti sọ ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí yìí ní Vibrio subtilis. Cohn rí i pé ó gùn bí ọ̀pá, ó sì sọ ọ́ di Bacillus subtilis. Ọ̀pá kékeré ni bacillus ní èdè Látìn. Ní 1876, ó ṣàlàyé ohun tó mú kí ọwọ́ má tètè ká a. Bí oúnjẹ bá tán, yóò sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle kan tí à ń pè ní sípóò. Omi híhó kì í pa sípóò bọ̀rọ̀, ọ̀dá kì í pa á, ó sì lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tó yá, kòkòrò tó bá rí bí ọ̀pá, tó ń ní sípóò, tí afẹ́fẹ́ kò sì pa lára, Bacillus ni. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń pa di Clostridium. Ìlànà yìí rọrùn jù. Èyí tó ń gbé inú ìsun omi gbígbóná, èyí tó fẹ́ omi kíkan, èyí tó ń gbé ara kòkòrò oko, gbogbo wọn wọ agbo ilé kan, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ní 1991, àwọn olùwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi jíìnì 16S rRNA wọn wé ara wọn, wọ́n sì rí ìran márùn-ún ó kéré tán. Ìyapa bẹ̀rẹ̀: Paenibacillus ní 1993, Brevibacillus ní 1996, Geobacillus ní 2001. Ní 2020, Bacillus megaterium tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ mọ̀ di Priestia megaterium.

Òfin àgbáyé ni ó ń darí ìsọlórúkọ yìí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yà kan tí orúkọ rọ̀ mọ́, subtilis sì ni ti Bacillus. Bí wọ́n ti wù kí wọ́n pín ìdílé náà tó, ibi tí subtilis bá wà ni orúkọ Bacillus ń wà. Subtilis yìí kan náà ni ògúnná gbòǹgbò nínú àwọn tó ń sọ igbá sísè di irú.

Ibi tó ta kókó jù ni ti Bacillus cereus, thuringiensis àti anthracis. Ti àkọ́kọ́ ń ba ìrẹsì tó sùn jẹ́, àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n èkejì sí oko láti pa kòkòrò, ẹ̀kẹta ń fa àrùn ántíráàsì. Jíìnì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu pátápátá. DNA kéékèèké tó dá dúró nínú wọn ni ó fa púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà. Bó bá jẹ́ ìran nìkan, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni à bá pè wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin gbà pé kí a kọ̀ láti yí orúkọ padà bí ìyẹn bá lè fi ẹ̀mí sínú ewu, nítorí náà anthracis ṣì ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀.