Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Kí ló dá ọmọ ogun El Salvador dúró nígbà tí wọ́n gbógun wọ Honduras ní 1969?

Ṣé Fernando Soto ni? Ọmọ Honduras yìí ló yìnbọn já bàálù ogun El Salvador mẹ́ta lulẹ̀ ní 17 oṣù Keje, akọni sì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ tó tóbi jù ti wáyé ní ọjọ́ méjì ṣáájú, nígbà tí bàálù Honduras ju bọ́ǹbù sí ibi tí El Salvador ń kó epo sí ní Acajutla àti Cutuco. Láìsí epo, báwo ni ọkọ̀ ogun ṣe fẹ́ rìn?

Àwọn kan á ní OAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló parí ìjà náà. Òótọ́ ni pé òun ló ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ní 18 oṣù Keje. Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, epo àti ọta ti ń tán lọ́wọ́ àwọn tó ń wọ Honduras bọ̀.